Oore-Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Èènì: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìdáríjì Nínú Bíbélì Yorùbá

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ ní ẹ̀bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe náà kún fún àánú, ó sì ti parí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà láwùjọ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ó ní ètò kan tí kò gba àyípadà: ẹ̀ṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wà, ìmọ̀ ẹ̀bi tẹ̀ lé e, ìkúnlẹ̀ tẹ̀ lé ìmọ̀, lẹ́yìn náà ni a tó wí fún ẹlẹ́ṣẹ̀ pé kí ó dìde. Kò sí ibi tí òwe yìí ti sọ pé a lè gbé ènìyàn dìde kí eékún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìyìn rere àwọn Kristẹni ń sọ gan-an nìyẹn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé, nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè wa, aṣọ wo ni àwọn atúmọ̀ fi wọ̀ ọ́? Ǹjẹ́ aṣọ náà bá a mu? Bí ó bá sì bá a mu, èé ṣe tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka Bíbélì Yorùbá kò fi tíì gbọ́ ohun tí ó ń wí?

Ìlú Ọ̀tà ni mo fi ṣe ibùdó ọ̀rọ̀ mi, kì í sì í ṣe nítorí pé agbègbè ibẹ̀ ni mo ń gbé nìkan. Ìlú Àwórì àtijọ́ ni Ọ̀tà, ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbilẹ̀, tí a ti ń fi ijó, orin àti ère tu àwọn ìyá wa lójú kí ayé lè tòrò. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù níbẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., ó sì pẹ́ níbẹ̀ púpọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn tí ó kọ wà lára àkójọ ìwé ẹgbẹ́ náà tí ó wà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. D. Y. Peel sì lò wọ́n nínú ìwé ńlá tí ó ṣe ní ọdún 2000 lórí bí ẹ̀sìn Kristẹni ṣe pàdé àwọn Yorùbá. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti kún Ọ̀tà àti Ṣàngó, ìlú kejì rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà àrá. Ilé ìjọsìn ńlá tí ìjọ Winners' Chapel kọ́ sí Ọ̀tà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999, ní àyè ìjókòó fún ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ ènìyàn, èyí ni 50,000. Ilé ìjọsìn kéékèèké kò sì lóǹkà ní àdúgbò gbogbo. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìdáríjì tó báyìí, ó yẹ kí a lè bi ara wa léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn atúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé Bíbélì tí Àjàyí Crowther túmọ̀, Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù ni ó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1850. Ọdún 1884 ni iṣẹ́ odindi Bíbélì tó parí. Ohun ìyanu ni èyí fún mi. Ìwé tí ó le jù lórí ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́, ìwé tí ó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Augustine àti Pelagius, tí ó sì yí ayé Luther padà, òun ni ó ṣíwájú àwọn ìwé Bíbélì yòókù dé èdè Yorùbá. Ọkùnrin tí ó túmọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, láìsan kọ́bọ̀. Ó mọ ohun tí a ń pè ní ìràpadà, kì í ṣe nínú ìwé nìkan.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí Ọlọ́run ń ṣe fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ni dáríjì. Bí a bá tú u, a ó rí ọ̀rọ̀-ìṣe jì, èyí tí ó wà nínú fi jì àti forí jì, a ó sì rí orí. Etí ọmọ Yorùbá ń gbọ́ níbẹ̀ pé orí tí ẹ̀bi ìbá gbà ni a fi sílẹ̀ fún oní-nǹkan. Èmi kò sọ pé ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tí etí ń gbọ́ ni mo ń sọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń dárí jini. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lè dárí ji ara rẹ̀, alágbàwí kò sì lè bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bẹ̀, ṣìpẹ̀, tù, ètùtù. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ń bá a ṣìpẹ̀, ẹni tí ìbínú yóò dé bá ni ó ń ṣe ètùtù. Ìdí nìyí tí àwọn mọ́gbà fi ń gba owó àti ẹran lọ́wọ́ onílé tí àrá sán pa ilé rẹ̀ láyé àtijọ́. Òrìṣà bínú, nítorí náà onílé ni yóò wá ohun tí yóò fi tù ú.

Bí ó ti rí nìyí nígbà tí Crowther dé orí kẹta Ìwé Róòmù. Kò sá fún ọ̀rọ̀ náà, ètùtù ni ó fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé àṣìṣe ni, pé ó fi ọ̀rọ̀ òrìṣà kan ẹ̀sìn tuntun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí Pọ́ọ̀lù sọ pé ó gbé ètùtù náà kalẹ̀: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni, ẹni tí a ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀. Ará Ọ̀tà tí ó bá ń gbọ́ ìwàásù nígbà ayé James White mọ ètùtù dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé e pé nǹkan bàjẹ́ láàárín ayé àti ọ̀run, àti pé a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ohun tí kò tíì gbọ́ rí ni pé ẹni tí ó ń bínú ni ó ru ẹbọ. Bí Crowther bá ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun tí kò ní ìtàn, olùgbọ́ kì bá tí mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Nípa lílo ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó fi jẹ́ kí ìyàtọ̀ hàn.

Ibi tí mo ti rí ìṣòro ni ìrònúpìwàdà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì lẹ́wà: rò, inú, pa, ìwà, dà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún, metanoia, ìyípadà ọkàn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Tiwa ju ìyẹn lọ: ènìyàn ronú, ó sì pa ìwà dà. Nítorí pé ìwà ni Yorùbá ń wò lára ènìyàn ju ohun gbogbo lọ, a kò lè dá àwọn atúmọ̀ lẹ́bi pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrònú lásán tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún létí nígbà tí oníwàásù bá wí pé, ronúpìwàdà kí Ọlọ́run lè dárí jì ọ́. Ohun tí olùgbọ́ ń gbọ́ ni pé kí ó lọ parí iṣẹ́ àtúnṣe ìwà rẹ̀ ná, kí ó tó wá kan ilẹ̀kùn. Ìwà kò ṣeé pa dà ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ó ń lọ, kò sì dé mọ́.

Mo ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé tí mo sì ti òkè òkun dé, wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ṣàngó. Ọkùnrin kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti rí i kẹ́yìn. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, ó sì ná an. Mo lọ kí i nílé. Ó ní, “Tíṣà, mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ara mi ṣe ná.” Mo jókòó tì í fún wákàtí kan, mo sọ ti Augustine, mo sọ ti Luther àti ohun tí ó kọ ní ọdún 1517 lòdì sí títa ìwé ìdáríjì. Ó fetí sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì wá.

Bí mo ti ń jáde, ìyá kan tí ó ń ta gàrí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà pè mí. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Oore-ọ̀fẹ́ tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé irú èènì kan ni?”

Mo ní, “Màmá, kí ni ẹ rí tí ẹ fi bèèrè?”

Ó ní, “Èmi a máa bu èènì fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n n kì í bu èènì fún ẹni tí kò ra ọjà. Ọmọkùnrin yẹn rò pé òun kò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run ni.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì tíì rí ìwé tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èènì jẹ́ ìwà ọ̀làwọ́. Kò sí òfin tí ó ní kí alájàpá bù ú. Síbẹ̀, owó ni ó ń ṣíwájú èènì. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní oore-ọ̀fẹ́ kò ju èyí lọ: a san ìwà rere, àwẹ̀, ẹ̀jẹ́ àti ọrẹ, a sì retí pé kí Ọlọ́run fi díẹ̀ lé e nítorí pé ọ̀làwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ kò kọ oore-èènì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ, ohun tí a gbà láìsan nǹkan kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a ń kà á bí ẹni tí ó ń ná ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá, tí ó wà ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún Ìwé Lúùkù, bí a ti í ka ìtàn, kì í ṣe bí a ti í ka òfin. Nígbà tí ebi pa ọmọ náà láàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ó múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní apá mẹ́ta: pé òun ti ṣẹ̀, pé òun kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ọmọ mọ́, àti pé kí bàbá fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ̀. Alágbàṣe ni Bíbélì wa pè é, ọ̀rọ̀ tí ó ṣe wẹ́kú. Alágbàṣe kì í ṣe ẹrú, kì í sì í ṣe ọmọ. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gba owó, bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì ní nǹkan. Ètò ẹni tí ó fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe ni. Bí ó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, bóyá yóò lè san ohun tí ó ná.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé, ẹ kà á dáadáa. Apá kìn-ín-ní jáde lẹ́nu rẹ̀, apá kejì jáde, apá kẹta kò jáde. Bàbá ti ń pàṣẹ aṣọ, òrùka àti bàtà. Kí ọmọ náà tó sọ ohunkóhun pàápàá, bàbá ti rí i ní òkèèrè, ó ti sáré, ó ti dì mọ́ ọn. Nínú àṣà tiwa, àgbàlagbà kì í sáré lásán, bàbá kì í sì í lọ pàdé ọmọ tí ó ṣẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ ni yóò kó àwọn àgbà lẹ́yìn wá bẹ̀ ẹ́. Ìtàn yìí gba ọ̀rọ̀ alágbàṣe mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ìdáríjì kò dúró de ìparí ẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá kò gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni ìlérí pé yóò san án padà.

Ẹ̀gbọ́n tí ó wà nílé ni ó wá tú àṣírí ìtàn náà. Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni òun ti ń sìn, a kò sì fún òun ní ọmọ ewúrẹ́ kan. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀: ó ń ka ọdún, ó ń ka iṣẹ́, ó ń ka ohun tí kò rí gbà. Àbúrò fẹ́ di alágbàṣe, bàbá kò gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n ti di alágbàṣe nínú ilé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí ìtàn parí, ìta ni ó ṣì wà. Lúùkù kò sọ fún wa bóyá ó wọlé.

Mátíù náà ní irú rẹ̀ ní orí ogún, níbi tí onílé ti gba àwọn òṣìṣẹ́ sínú ọgbà àjàrà láàárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì san iye kan náà fún gbogbo wọn. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun, a máa ń ka ìtàn yìí bí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìsìn. Ẹni tí ó bá ti ń kọjá ní Ṣàngó ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó ti rí àwọn ènìyàn tí ó dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ pé bóyá a ó pe àwọn síṣẹ́ òòjọ́, yóò kà á lọ́nà mìíràn. Ẹni tí a kò pè títí di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ rẹ̀ yóò jẹun lálẹ́ bí ọmọ ẹni tí a pè láàárọ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ní kíláàsì wa, ìjà ni ó dá sílẹ̀. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ tí ó dúró ní a rẹ́ ẹni àárọ̀ jẹ. Àwọn tí ó máa ń dúró ní ẹnu géètì kò sọ nǹkan kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo mọ àtakò tí yóò dìde. Bí ìdáríjì bá jẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí, kí ni yóò dá ènìyàn dúró láti máa ṣẹ̀ lọ? Ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì lójú ẹni. Pọ́ọ̀lù pàápàá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ní orí kẹfà Ìwé Róòmù. Ní ọdún 1937, Dietrich Bonhoeffer ará Jámánì kọ ìwé líle lòdì sí oore-ọ̀fẹ́ olówó pọ́ọ́kú, èyí tí a fi ń dárí ji ẹ̀ṣẹ̀ láìyí ẹlẹ́ṣẹ̀ padà. Àwọn ọmọ ogun Hitler yẹgi fún un ní oṣù kẹrin ọdún 1945. Ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kìlọ̀ fún wa. Àtakò náà wúwo, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn ènìyàn wà tí ìdáríjì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹni tí wọ́n jẹ níyà lẹ́nu mọ́, wọn a jalè lóru, wọn a dúpẹ́ ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Sákéù, agbowó-orí, ní orí kọkàndínlógún Ìwé Lúùkù. Jésù ti pè é, ó ti sọ pé òun yóò wọ̀ sí ilé rẹ̀, kí Sákéù tó sọ pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. A kò gba àbọ̀ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Sísan wà, ó sì pọ̀ ju ohun tí òfin ìbá béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wà, kò sí níwájú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó ìwọlé àti ọpẹ́ nìyẹn. Ìrònúpìwàdà kò kéré sí i nípa èyí. Ipò rẹ̀ ni ó yí padà: ó di èso, kò jẹ́ gbòǹgbò mọ́. Àwọn baba wa náà kò ṣàìmọ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ní a kì í lé ọmọ burúkú fún ẹkùn pa jẹ. Wọn kò fi kún un pé bí ó bá ti yí ìwà padà.

Lítíréṣọ̀ wa sì ti fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, Adétutù ẹrúbìnrin lóyún, èyí tí ó lòdì sí òfin ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, Ẹfúnṣetán pa á. Ohun tí ó jẹ́ kí eré náà dun ènìyàn ni pé ikú ọmọ tirẹ̀ ni ó sọ ọkàn ìyálóde náà di òkúta. Ẹni tí ó rò pé ayé jẹ òun ní gbèsè tí a kò lè san, kò ní fi gbèsè ẹnikẹ́ni jì í. Bíbélì wa pàápàá fi gbèsè pe ẹ̀ṣẹ̀ nínú àdúrà Olúwa ní orí kẹfà Ìwé Mátíù, ó sì so ìdáríjì tí a ń tọrọ pọ̀ mọ́ èyí tí a ń fún ẹlòmíràn. Èyí kò túmọ̀ sí pé a ń fi ọ̀kan ra èkejì. Ọwọ́ tí ó di ṣinṣin mọ́ ìwé gbèsè kò lè là láti gba nǹkan ni.

Nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ní ọdún 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀ ọ̀nà rí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kó òògùn wọn jáde fún sísun. Ìsọjí ni a pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Jí àti jì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ni ó yà wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, mo máa ń fi wọ́n rán ara mi létí pé ẹni tí a kò tíì fi jì kò lè jí. A lè fi ariwo ta á jí fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì ń ka iye tí ó jẹ, yóò tún sùn.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà. N kò mú Augustine lọ́wọ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ka orí kẹẹ̀ẹ́dógún Ìwé Lúùkù fún un, mo sì dúró níbi tí bàbá ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó wá, ó jókòó sẹ́yìn. Ó ṣì jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní owó títí di òní, ó ń san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò san án kí ó lè wọlé.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa ṣe iṣẹ́ tí ó ju èyí tí a ń yìn wọ́n fún lọ. Wọ́n mú ètùtù kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n sọ oore di ọ̀fẹ́, wọ́n pe iṣẹ́ tí ọmọ náà ń wá ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ohun tí ó kù jẹ́ tiwa, àwa olùkọ́ àti àwa oníwàásù: kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti ka ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé, kí a má fi àṣà ọjà kà á. Bí a bá sì bi wọ́n ní ìtumọ̀ oore-ọ̀fẹ́ nínú ìdánwò, kí a má ṣe gba èènì fún ìdáhùn.